Ọwọ́ Tí Dádì Pa Rẹ́

Ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń jí wa lọ́dún yẹn. Àwọn ṣọ́jà ti sọ pé àwọn máa gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá, gbogbo ẹni tó sì ní agbádá nílé ló fẹ́ gbà á. Kò sí èyí tí kì í tẹ pósítà nínú wọn, Ṣómólú ni wọ́n sì ti ń tẹ̀ ẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ̀rọ á ti bẹ̀rẹ̀ ní òpópónà Bajúláyé, gbì, gbì, gbì. Tí wọ́n bá mú iná lọ, gbogbo ẹ̀ á dákẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀ á bú sí i, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ilé wa ò jìnnà síbẹ̀. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni, yàrá márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là wọ́n láàárín. Ògiri rẹ̀ tó kọjú síta ò rójú mọ́ nítorí pósítà. Ìyá Sìkírà, tí yàrá tiwọn kọjú sí tiwa, máa ń sọ pé ó ti sú àwọn láti máa rí eyín olóṣèlú láràárọ̀ káwọn tó fọ eyín tàwọn. Èmi ò bínú sáwọn pósítà náà rárá. Bí mo ṣe ń lọ síléèwé ni mo máa ń nàka sí wọn, màá máa sọ fáwọn ọmọ kíláàsì mi pé dádì mi ló ṣe ojú wọn.

Irọ́ kọ́. Iṣẹ́ Dádì ni láti máa tún fíìmù ṣe, ìyẹn ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwòrán máa ń wà lára ẹ̀ kó tó dórí ẹ̀rọ. Wọ́n ní tábìlì kan tí orí ẹ̀ jẹ́ gíláàsì, tí iná ń tàn lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n á tẹ́ fíìmù sórí ẹ̀, wọ́n á tẹ orí ba, búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú á wà lọ́wọ́ wọn. Ibi tí fíìmù bá ti lu, wọ́n á dí i. Ibi tó bá ti ha, wọ́n á pa á rẹ́. Olóṣèlú tí irun orí ẹ̀ ti ń sá sẹ́yìn, wọ́n á fi díẹ̀ kún un fún un. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tí ojú ẹ̀ kan kéré ju ìkejì lọ, Dádì sọ méjèèjì di ọgbọọgba, ọkùnrin náà sì wọlé ìbò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òkú ni wọ́n fi lórúkọ jù. Àwọn èèyàn á mú fọ́tò kékeré wá, tó ti ya, tí òjò ti pa, wọ́n á ní òun nìkan ló kù táwọn fi lè rántí bàbá àwọn. Dádì á jókòó tì wọ́n bíi dókítà, wọ́n á máa bi wọ́n bóyá etí bàbá náà nà síta, bóyá ó kọ ilà, bóyá ó máa ń fún ẹnu pọ̀ tó bá dákẹ́, wọ́n á máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí ojú náà á fi pé. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé dádì mi kì í ṣe ìkà èèyàn, wọn ò sì kórìíra àbúrò wọn. Ohun tí kò bá tíì pé ni wọn ò lè rí kí wọ́n gbójú kúrò lára ẹ̀.

Ìyá tó bí wọn, Màmá Àgbà wa, kú nígbà ọyẹ́ tó ṣáájú. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọn ò sì fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn títí wọ́n fi lọ. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀ láti gbá àgbàlá, Màmá Àgbà ò sì ní ọjọ́ kankan, síbẹ̀ àwọn ló ń gbá a lójoojúmọ́. Wọ́n ní ilẹ̀ tí ìdọ̀tí bá wà, oúnjẹ ò lè lọ lọ́fun àwọn lórí ẹ̀. Kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó bẹ̀rẹ̀, ìgbálẹ̀ wọn á ti máa lọ lójú fèrèsé wa, ṣàà, ṣàà, wọ́n á dúró díẹ̀ láti yí okúta kúrò lọ́nà, wọ́n á tún máa lọ. Màá máa gbọ́ ọ látorí ẹní, màá mọ̀ pé ògì ti wà lórí iná àti pé ẹnì kan ń bọ̀ wá fà mí létí pé kí n dìde lọ pọnmi. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń gbálẹ̀, wọ́n á ká ọwọ́ òsì sẹ́yìn, sórí ìbàdí. Gbogbo wa là ń sọ pé ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Mọ́mì mi tilẹ̀ ra òróró ìfipara fún wọn, wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì fi ń pa orúnkún.

Nígbà tí wọ́n kú, fọ́tò kékeré kan ṣoṣo la ní, òun náà sì ti ṣá. Ọjọ́ mẹ́ta ni Dádì fi wà lórí tábìlì wọn nídìí ẹ̀. Wọ́n fi ilà gọ̀m̀bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ilà kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí gan-an, wọ́n wé gèlè fún Màmá, wọ́n fi ẹ̀rín tó máa ń wà létí ẹnu wọn sí i. Kò sí ẹni tó wá kí wa tí kò dúró níwájú fọ́tò náà. Èmi gbà pé Màmá Àgbà ti padà sí pálọ̀ wa, wọ́n kàn ń wò wá ni, wọn ò sọ̀rọ̀.

Àǹtí Tinú ni àbígbẹ̀yìn Màmá Àgbà, àkọ́bí ni Dádì, ogún ọdún ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàárín àwọn méjèèjì. Yàba ni Àǹtí Tinú ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán yíyà, wọ́n ti parí, iṣẹ́ ò sí, èmi àtàwọn la jọ ń sùn nínú yàrá kejì. Gbogbo aṣọ iléèwé mi ló ń rùn bí ọ̀dà. Dádì ti wá àyè fún wọn nílé ìtẹ̀wé, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà to ìwé ìpè ìgbéyàwó, àga kan ti ṣófo níbẹ̀, wọ́n sì ń bá wọn dì í mú. Àǹtí Tinú bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún àwọn láyè díẹ̀. Ilé àfihàn àwòrán kan ní Yàba ti ní kí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán mú àwòrán kọ̀ọ̀kan wá. Ẹni tí wọ́n bá mú tirẹ̀, wọ́n á fún un ní yàrá tó ti lè máa ṣiṣẹ́ fún ọdún kan gbáko. Ìlérí tí wọ́n jọ ṣe níwájú Mọ́mì ni pé tí wọ́n bá mú ti Àǹtí Tinú, Dádì ò ní sọ̀rọ̀ àga mọ́. Tí wọn ò bá mú un, Àǹtí Tinú á kó búrọ́ọ̀ṣì sínú àpótí, wọ́n á lọ jókòó sórí àga náà. Gbogbo ilé ló mọ̀.

Àwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń yà lọ́dún yẹn, Màmá Àgbà tó ń gbálẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ya gbogbo ẹ̀ sínú ìwé ńlá kan: ẹ̀rọ omi, okùn tá à ń sá aṣọ sí, ìgbálẹ̀, gèlè, ilà ojú, àní sílípáàsì tí Màmá Àgbà fi wáyà dì. Mo ní ó jọ wọ́n gan-an. Àǹtí Tinú ní ó jọ wọ́n lóòótọ́, ohun tó sì ń dààmú àwọn nìyẹn. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí jókòó, wọ́n ní ká ṣeré. Wọ́n á fọwọ́ bo ibì kan lára àwòrán náà, èmi á sọ bóyá Màmá Àgbà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n bo ẹ̀rọ omi, mo ní Màmá Àgbà ṣì wà. Wọ́n bo gèlè, wọ́n bo sílípáàsì, mo ní kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Wọ́n bo ìgbálẹ̀ gan-an. Wọ́n wá bo ojú, mo rò ó díẹ̀, ó yà mí lẹ́nu, Màmá Àgbà ò lọ síbì kankan. Ìgbà tí wọ́n bo ọwọ́ òsì tó wà lẹ́yìn ni mo ní rárá, obìnrin kan lásán nìyẹn, bóyá yẹtí ẹ̀ ló jábọ́ tó ń wá a nílẹ̀. Àǹtí Tinú rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, “Ohun tí mo bá yọ tí Màmá ò lọ, a jẹ́ pé kì í ṣe ara Màmá.” Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń yọ nǹkan kúrò nínú ẹ̀. Ìwé lórí ìwé, èyí tí wọ́n ya tẹ̀lé èyí á fúyẹ́ jù ú lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e sórí kánfáàsì, ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó fẹ̀ ló kù, ó gòkè láti ìsàlẹ̀, ó sì tẹ̀ wálẹ̀, pẹ̀lú ìlà kékeré kan tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ tó ká sẹ́yìn ẹ̀. Ìyókù jẹ́ àwọ̀ ìdájí.

Mo ti dàgbà báyìí, mo ti dé ibi tí wọ́n ń gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́ ògiri. Mo máa ń gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ níwájú ẹ̀ pé ọmọ àwọn tó wà ní nọ́sìrì lè ya èyí. Mi kì í bá wọn jiyàn. Ọmọ nọ́sìrì lè fa ìlà méjì, kò sírọ́ ńbẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni kó fa igba ìlà, kó wo gbogbo ẹ̀ lójú, kó mọ méjì tó yẹ kó ṣẹ́ kù. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn kì í sá fún ìnira yíya ojú àti imú, púpọ̀ nínú wọn mọ̀ ọ́n yà dáadáa. Nǹkan tó máa kù tí gbogbo ohun tó ń dí wa lójú bá kúrò ni wọ́n ń wá. Ó rọrùn fún mi láti sọ ọ́ báyìí. Lọ́dún yẹn, mo mọ̀ ọ́n nínú eré, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti mọ̀ ọ́n lójú àwọn ará ilé.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni Àǹtí Tinú máa gbé àwòrán lọ sí Yàba. Àwọn àti Mọ́mì ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ń wúkọ́, Dádì sì dúró tì mí nítorí pósítà ti gba gbogbo agbára wọn láti ọjọ́ Ajé tó kọjá. Àwòrán náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti lè fẹ́ sí i. Ìyá Sìkírà ń gbé omi kọjá, wọ́n dúró, wọ́n bi mí bóyá ìwọ̀ tí wọ́n fi ń já ọsàn ni àǹtí mi yà, àbí orí òpó iná tí mọ́tò gbá. Àwọn ayálégbé tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi gbóná. Ẹ̀rín yẹn ló mú Dádì jáde. Wọ́n wo àwòrán náà títí, wọ́n fọwọ́ gba àgbọ̀n, wọ́n wá bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé Tinúkẹ́ ti parí ẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti parí ẹ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ wọn sẹ́yìn ẹ̀ níṣojú mi. Ṣùgbọ́n Ìyá Sìkírà ṣì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú garawa lórí, mo sì ní rárá, wọn ò tíì parí, ọ̀dà dúdú ló tán lọ́wọ́ wọn.

Kò sí irọ́ tó lè tètè wọ Dádì létí jùyẹn lọ. Lórí ẹ̀rọ, yẹ́lò ló ń kọ́kọ́ wọlé, pupa á tẹ̀ lé e, búlúù á tẹ̀ lé pupa, dúdú ló ń wọlé kẹ́yìn. Bébà tí dúdú ò bá tíì wọ̀, ojú èèyàn inú ẹ̀ kì í jọ nǹkan kan. Dádì mi orí, wọ́n ní ìdí ẹ̀ rèé tí Tinúkẹ́ ò fi sọ̀rọ̀ láti àná, kí ló dé tí kò sọ fáwọn. Wọ́n wọlé lọ gbé agolo íǹkì wọn àti búrọ́ọ̀ṣì kéékèèké, wọ́n jókòó sórí àpótí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí wọ́n ń ṣe sí gbogbo fíìmù. Wọ́n wá ibi tó ha. Wọ́n rí ìlà kékeré tó ká sẹ́yìn yẹn, wọ́n ní ọwọ́ Tinúkẹ́ ti yọ̀ níbí, wọ́n po àwọ̀ ilẹ̀, wọ́n sì pa á rẹ́ mọ́nránmọ́nrán. Mo rí i. Mo la ẹnu. Mo wá rántí pé tí mo bá sọ̀rọ̀, irọ́ mi á jáde, mo pa ẹnu dé. Mi ò tíì dárí ji ara mi fún ìṣẹ́jú yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ya ojú. Wọ́n yí i díẹ̀ sọ́dọ̀ wa, wọ́n fi gọ̀m̀bọ́ sí i, wọ́n fi gèlè sí i, wọ́n fi ìgbálẹ̀ sí i lọ́wọ́. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń kùn lábẹ́ imú. Nígbà tí wọ́n dé etí ẹnu, orin náà dúró, mo rí i pé omi ti kún ojú wọn. Ìyá Sìkírà padà wá, lọ́tẹ̀ yìí wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́, wọ́n ní, “Bàbá Bùkọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá náà rèé.” Gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín láàárọ̀ ló ń wá wò ó. Inú Dádì dùn dé ibi pé àwọn fúnra wọn ló gbé irẹsì ọ̀sán kaná.

Àǹtí Tinú àti Mọ́mì dé nígbà tí irẹsì ń hó. Dádì dìde pàdé wọn, wọ́n ní kí àbúrò àwọn má ṣèyọnu mọ́, àwọn ti fi dúdú sí i, ó di ọ̀la ní Yàba. Àǹtí Tinú gbé Bíbélì sílẹ̀. Wọ́n wò ó. Wọ́n ń wò ó bí ẹni tó wọ ilé onílé.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ọwọ́ Màmá dà?”

Dádì ní ọwọ́ wo. Àǹtí Tinú ní èyí tó wà lẹ́yìn wọn. Dádì wá rántí, wọ́n ní ọwọ́ kọ́, ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti yọ̀ ni, àti pé ká tiẹ̀ ní ọwọ́ ni, kí ló dé tí a ó máa fi ẹ̀yìn dídùn Màmá han aráyé.

“Ẹ̀yìn ò dun Màmá.”

Àǹtí Tinú bọ́ sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń gbálẹ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìbàdí, wọ́n ní bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n wá yí ọwọ́ náà padà, ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìbàdí, àtẹ́lẹwọ́ là síta, ìka ká díẹ̀ sókè. Kò sí ẹni tó bá Màmá Àgbà gbé tí kò ní mọ̀ ọ́n.

“Ọmọ tí wọ́n pọ̀n ni wọ́n ń gbé ró,” ni Àǹtí Tinú wí. “Èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn níbẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún, wọn ò gbé ọwọ́ kúrò.”

Dádì dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ àbúrò wọn. Wọ́n ní láràárọ̀ làwọn ń kọjá lára Màmá lọ síbi iṣẹ́, láràárọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ní èmi ni mo parọ́, Àǹtí Tinú ti parí ẹ̀, dúdú ò tán, mo sì rí ọwọ́ náà nígbà tí Dádì ń pa á rẹ́. Mo ń retí ìgbátí. Dádì wò mí, wọ́n ní kí n lọ bu kẹrosíìnì wá.

Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé ṣe ń fi àkísà àti kẹrosíìnì nu ẹ̀rọ ni Dádì ṣe ń nù ún, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má bàa dé ara ọ̀dà Àǹtí Tinú tó ti gbẹ nísàlẹ̀. Ìgbálẹ̀ lọ, gèlè lọ. Wọ́n nu ẹ̀yìn, ọwọ́ náà yọ jáde bó ṣe wà. Ó wá ku ojú. Dádì ki àkísà bọ kẹrosíìnì, wọ́n gbé e dúró lókè, wọn ò lè gbé e lé ojú náà. Àǹtí Tinú di ọwọ́ wọn mú, wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi. Mi ò gbé e lọ mọ́. Ẹ fi í sọ́dọ̀ yín.” Ọkàn wọn dé ibẹ̀ lóòótọ́, mo rí i lójú wọn. Dádì fi ọwọ́ òsì wọn bo ojú tí wọ́n yà, wọ́n sún sẹ́yìn níwọ̀n tí apá wọn gùn mọ, wọ́n ń wo ìyókù. Irẹsì jóná. Wọ́n wá ní, “Màmá ṣì wà níbẹ̀,” wọ́n sì nu ojú náà kúrò.

Lọ́jọ́ Ajé, Dádì ò kọ́kọ́ lọ sídìí tábìlì wọn. Wọ́n ya ilé ìtẹ̀wé díẹ̀, wọ́n padà wá, àwọn àti Àǹtí Tinú jọ gbé àwòrán náà, wọ́n fi aṣọ ìró Màmá Àgbà kan dì í. Oṣù mẹ́rin kọjá ká tó gbọ́ nǹkan kan. Àwọn alágbádá ti búra, àwọn ṣọ́jà ti kó lọ, pósítà ti ń re lára ògiri wa, iṣẹ́ sì ti dín kù púpọ̀ ní Bajúláyé débi pé a máa ń sùn kọjá àkókò láàárọ̀. Ìwé dé láti Yàba pé wọn ò mú un. Wọ́n ní iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n àbàwọ́n kan wà lórí ẹ̀, bíi òjìji ojú èèyàn, tí àwọn ò mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Àǹtí Tinú ka ìwé náà tán, wọ́n fọ gbogbo búrọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n kó o sínú àpótí bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Ní ìrọ̀lẹ́, bí Dádì ṣe ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́, Àǹtí Tinú wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ní ọjọ́ wo ni káwọn bẹ̀rẹ̀ níbi àga náà.

“Àga wo?” ni Dádì wí. “Ẹlòmíì ti wà lórí ẹ̀.”

Àǹtí Tinú ní báwo, ta ló gbé e fún ẹlòmíì. Dádì ò gbé ojú kúrò nínú ọbẹ̀.

“Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ tá a gbé Màmá lọ sí Yàba.”